Ìbọn tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí

Ẹni tó bá ń wọ dánfó láti Ìjanikin lọ sí Mile 2 mọ̀ pé a óò kọjá Okokomaiko àti Ìyànà-Ìbà kí a tó kan bárékè Ọ̀jọ́. Torí náà, ọ̀rọ̀ sójà kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Baba Sójà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa, jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, níbi tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì dánfó kan palẹ̀. Mo fi ṣeré bi í pé, "Baba, ṣé àgbá tiyín náà máa ń kọ̀ láti sítáàtì báyìí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, èyí tí a lò nígbà yẹn jù ẹ́ lọ lọ́jọ́ orí."

Palmaria ló ń sọ. Ilé iṣẹ́ OTO Melara ní Ítálì ló ṣe é, Nàìjíríà sì ra 25 láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ẹ má rò pé ìbọn tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ni o. Ọkọ̀ onírin ni, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 46, èèyàn márùn-ún ló ń wà á, tó ń yìn ín. Tí wọ́n bá yìn ín láti Ìjanikin, ọta rẹ̀ lè balẹ̀ nítòsí Mile 2, ìrìn tí gosiló máa ń fi wákàtí méjì jẹ lára wa.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè yìnbọn kó sì sá kúrò níbẹ̀. Èkó mọ ìyà àgbá tí kò lè rìn. Ní oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, tí Akítóyè ti sá wá sí Àgbádárìgì tiwa níbí, Kòsọ́kọ́ ní àgbá létí omi, ó sì dá a padà fún wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú kan ni àgbá rẹ̀ wà. Ogun Àgídìngbì ni wọ́n ń pè é títí dòní, nítorí ìró yẹn.

Wàyí o, kí la fẹ́ fi èyí tó ti gbó ṣe? Ọ̀rọ̀ páàtì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, bíi ti dánfó. Líbíà ló ra Palmaria jù lọ, 210, púpọ̀ nínú tiwọn sì jóná nínú ogun ọdún 2011. Orílẹ̀-èdè tó ra á kò pọ̀, kò sì sí Ládipọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ wo Amẹ́ríkà: M109 wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1963. Nígbà tí wọ́n ṣe M109A7, wọ́n pààrọ̀ ara rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n lo ti ọkọ̀ Bradley, kí páàtì àwọn méjèèjì lè bára mu. Ìbọn rẹ̀ gan-an, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Tiwa, a gba ọ̀nà Ṣáínà lọ. Ní oṣù Kẹrin 2020, SH-2 àti SH-5 dé pẹ̀lú àwọn táńkì VT-4. Kò burú. Àmọ́ DICON ti wà ní Kàdúná láti 1964, wọ́n sì ṣe òfin tuntun fún un ní 2023. Tí kò bá lè tún ohun tí a rà ṣe, ọdún 2050 a óò tún máa sọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tó ká mi lára jù ni ojú. Ẹni tó ń yin àgbá kì í rí ibi tí ọta ń lọ. Ẹlòmíràn ló ń wò ó, tó ń ṣírò, tó ń pè é lórí rédíò. Bí àwọn yẹn bá ṣì í wò, ẹ́ńjìnnì tuntun kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní Tudun Biri, ní Kàdúná, oṣù Kejìlá 2023, àwọn tó ń ṣe Màúlúdì ni dúróònù ológun ju bọ́ǹbù lù, èèyàn tó lé ní 80 ló kú. Dúróònù ni, kì í ṣe àgbá, ṣùgbọ́n àṣìṣe ojú ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ, jàre.

Ọta àtijọ́ ńkọ́? Ọmọ ọdún méje ni mí ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà ní bárékè Ìkẹjà búgbàù. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn sínú kánààlì Òkè-Àfá níbi tí wọ́n ti ń sálọ lóru. Tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ń ka owó ìbọn tuntun, kí wọ́n bèèrè ibi tí wọ́n ń kó ọta tó ti gbó sí, àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo bi Baba nípa Ìkẹjà. Kò dáhùn. Mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dánfó náà sítáàtì, Baba ní kí n ra omi tútù wá.