Ìbòmú Tó Ń Jò àti Agbára Afẹ́fẹ́: Ìtọ́jú Èémí Dídúró Lójú Oorun nínú Ilé ní Agbègbè Ìjẹ̀bú

Ìfáàrà

Ní àwùjọ Yorùbá, ẹni tó bá ń hanrun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń gbádùn oorun rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ta jí lóru bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ará ayé ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú, èyí tí iṣẹ́ yìí pè ní èémí dídúró lójú oorun. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní CPAP ni a sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀ nínú ilé. Ohun méjì ló sì máa ń mú kí aláìsàn pa ẹ̀rọ náà tì: ìbòmú tó ń jò, àti agbára afẹ́fẹ́ tí kò bá ara mu. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè wá ojútùú sí méjèèjì ní irú ilé tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside.

Àìsàn náà àti ẹ̀rọ rẹ̀

Bí ènìyàn bá ti sùn, iṣan ọ̀fun a máa dẹ̀. Lára àwọn kan, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun a sún sẹ́yìn, ọ̀nà èémí a sì fún. Fífún yìí ló ń fa ìhanrun. Bí ọ̀nà náà bá dí pátápátá, èémí a dúró títí ọpọlọ yóò fi ta ènìyàn jí díẹ̀ kí ó lè mí. Ìdúró tàbí ìdínkù èémí tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 ni àwọn onímọ̀ ń kà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 sí 14 láàárín wákàtí kan, àìsàn náà kò tíì le. 15 sí 29 jẹ́ ti àárín. 30 sókè ni èyí tó le. Ẹni tí èyí ń ṣe lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè máa tòògbé lójú ọ̀sán. Bí ó bá jẹ́ awakọ̀ ni, tí ó ń gba òpópónà Ṣágámù sí Benin, ẹ̀mí rẹ̀ àti ti àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ewu.

Colin Sullivan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní Australia, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ìtọ́jú yìí nínú The Lancet ní ọdún 1981, lẹ́yìn tí wọ́n lò ó fún aláìsàn 5. Ẹ̀rọ náà a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú họ́ọ̀sì àti ìbòmú wọ ọ̀fun, afẹ́fẹ́ yìí yóò sì la ọ̀nà èémí sílẹ̀ bí ìgbà tí a fi igi ti ilẹ̀kùn kí ó má baà padé. Sẹ̀ǹtímítà omi ni a fi ń wọn agbára rẹ̀, èyíinì ni agbára tó lè gbé omi dé ìwọ̀n gíga bẹ́ẹ̀. Láti 4 dé 20 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́.

Mímọ irú jíjò

Gbogbo jíjò kọ́ ni àbùkù. Ìbòmú ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí èémí tí a ti lò ń gbà jáde. A kò gbọ́dọ̀ dí wọn, nítorí bí a bá dí wọn, aláìsàn yóò máa fa èémí burúkú ara rẹ̀ padà sínú. Jíjò tí kò yẹ pín sí ọ̀nà méjì: èyí tó ń gba etí ìbòmú, àti èyí tó ń gba ẹnu.

Bí fọgánáísà ṣe ń fi omi ọṣẹ wá ibi tí táyà ti ń jò, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde ní etí ìbòmú. Bí ojú bá pọ́n tàbí tó gbẹ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibi egungun imú ló ń jò. Bí ẹnu àti ọ̀fun bá gbẹ, ẹnu ni a óò kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a sì máa kọ iye jíjò sílẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ResMed, jíjò tí kò yẹ tó bá ju lítà 24 lọ ní ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn a máa ka èyí tó yẹ mọ́ èyí tí kò yẹ; nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi òǹkà ọ̀kan díwọ̀n èkejì.

Dídí ibi tó ń jò

Ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fa okùn ìbòmú le koko. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Okùn tó le jù a máa tẹ rọ́bà ìbòmú pẹrẹsẹ, a sì tún máa jò sí i, a sì máa dá egbò sí egungun imú. Ohun tó yẹ ni kí aláìsàn dùbúlẹ̀ bí ó ṣe ń sùn gan-an, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó gbé ìbòmú kúrò lójú díẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ lè wú, kí ó wá dá a padà, kí ó sì fa okùn náà ní ọgbọọgba. Ìrísí ojú ènìyàn nígbà tó jókòó yàtọ̀ sí ti ìgbà tó dùbúlẹ̀.

Òróró ojú àti ìpara a máa ba rọ́bà ìbòmú jẹ́. Ó yẹ kí a máa fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kí a má sì para sójú ní alẹ́. Irùngbọ̀n a máa dènà ìbòmú ńlá láti lẹ̀ mọ́ ara; ìbòmú kékeré tí ó wọ ihò imú lè san irú ẹni bẹ́ẹ̀ jù. Àgbàlagbà tó ń bọ́ eyín àtọwọ́dá sílẹ̀ kí ó tó sùn gbọ́dọ̀ yẹ ìbòmú wò láìsí eyín náà lẹ́nu, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò ti jìn. Irun dídì tó ga lẹ́yìn orí náà a máa ti okùn kúrò ní àyè rẹ̀. Fún ẹni tó ń la ẹnu sùn, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ lè jẹ́ ojútùú. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo imú: bí imú bá dí, ẹnu ni yóò máa fi mí.

Agbára afẹ́fẹ́

Bí agbára afẹ́fẹ́ bá kéré, ìhanrun yóò máa bá a lọ, iye ìdúró èémí tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ yóò ju 5 lọ ní wákàtí kan, oòyì oorun kò sì ní í kúrò lójú. Bí ó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ a wọ inú ikùn, ikùn a wú, ìbòmú náà a sì túbọ̀ máa jò. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tún jíjò ṣe kí a tó fọwọ́ kan agbára. Ìbòmú tó ń jò kì í jẹ́ kí iye agbára tó yẹ dé ọ̀fun, ó sì lè tan ẹ̀rọ tó ń yí agbára ara rẹ̀ padà jẹ.

Ohun tí aláìsàn lè yí fúnra rẹ̀ ni àkókò ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ń ti ìsàlẹ̀ gòkè títí oorun yóò fi gbé e lọ. Iye agbára gan-an jẹ́ iṣẹ́ dókítà. Àwọn ìbéèrè 8 tí à ń pè ní STOP-Bang, tí Frances Chung àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Toronto ní ọdún 2008, lè fi hàn pé ó yẹ kí ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ iye agbára tó yẹ ẹ́.

Tòkunbọ̀, iná àti omi

Ẹ̀rọ tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba lè ti jẹ́ ti ẹlòmíràn rí. Agbára tí dókítà yàn fún ẹni àkọ́kọ́ lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sun oorun àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, iléeṣẹ́ Philips kéde pé kí a dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú wọn lè jẹrà, kí aláìsàn sì fà á símú. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà wádìí.

Níbi tí iná mànàmáná kì í dúró, inverter àti bátìrì sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ẹ̀rọ ń fà, asẹ́ rẹ̀ kò sì lè dá èéfín olóró jẹnẹrétọ̀ dúró. Ìgbóná ike omi a máa jẹ iná púpọ̀. Bí a bá pa á, bátìrì yóò pẹ́ sí i. Létí ọ̀sà bí i Ìwòpin, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀, ọ̀pọ̀ lè máà nílò rẹ̀ lásìkò òjò. Lásìkò ọyẹ́ ni yóò wúlò jù. Omi tí a sè di oruku tí a sì gbà padà ni ó dára jù fún ike náà. A kò gbọ́dọ̀ lo omi bátìrì tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ń tà, nítorí ásíìdì lè wà nínú rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìṣòro ìbòmú àti ti agbára afẹ́fẹ́ so kọ́ra, àti pé ètò ni a fi ń tú wọn: kí a wá ibi tó ń jò, kí a dí i, kí a ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a tó gbé ọ̀rọ̀ agbára lọ bá dókítà, bí àpẹẹrẹ ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ẹni tí wọ́n bá jọ ń sùn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ. Ó yẹ kí ó bá aláìsàn lọ, kí ó lè sọ ohun tó rí lóru. Ẹ̀rọ tí a gbé sórí àpótí nítorí ìbòmú tó ń jò kò lè gba ẹnikẹ́ni là.