Bí Sòbìà Ti Kúrò ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Àwọn àgbà a máa wí pé, kí sòbìà tó di egbò, olúgànbe li à á ké sí. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí oògùn tí ń pa sòbìà nínú ara ènìyàn. Inú omi adágún li ó ti ń wá. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí li ó gbé ọmọ rẹ̀ mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà kì yóò mọ nǹkankan títí ìwọ̀n ọdún kan yóò fi kọjá. Nígbà náà ni aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yóò máa yọ, lí ẹsẹ̀ pàápàá, a ó sì máa fi igi wé e díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá bá àgbẹ̀ lí àkókò ìkórè, inú ebè ni iṣu rẹ̀ yóò jẹrà sí.

Nígbà tí a kà wọ́n lí ọdún 1988 sí 1989, àwọn tí sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà ju 650,000 lọ.

Kì í ṣe ọwọ́ kan li ó gbé ẹrù yìí. Ìjọba àti UNICEF gbẹ́ kànga. Carter Center, tí Jimmy Carter dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ṣe olórí Amẹ́ríkà tán, pèsè owó àti olùkọ́ni. Ilé-iṣẹ́ DuPont fi òwú ta wọ́n lọ́rẹ, Precision Fabrics sì fi í hun aṣọ asẹ́. American Cyanamid fi oògùn Abate tí a ń dà sí adágún tọrẹ. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí rí, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé àwọn abúlé.

Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo ẹ̀bùn wọ̀nyí jọ, aṣọ asẹ́ kò lè sẹ́ omi fúnra rẹ̀. Abúlé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ ìlú kan, tí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí ń fi bí a ti ń sẹ́ omi han àwọn ìyá, tí ń di egbò, tí ó sì ń dá ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ lẹ́kun kí ó má bàa wọ inú odò. Iṣẹ́ àìlókìkí ni, òun ni ó sì ṣòro jù.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ẹni tí ń náwó lè rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ adágún lè dá gbogbo rẹ̀ padà; nítorí náà a kò dáwọ́ ìnáwó dúró, a ń wá a kiri títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí sí i lí ọdún 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ní gbogbo ayé, ènìyàn 15 péré li ó ní sòbìà lí ọdún 2024, ní Chad àti Gúúsù Sudan. Ní Chad, ajá pàápàá ń ní i. Wọ́n sì ń so ajá mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi owó ta ẹni tí ó bá mú ìròyìn wá lọ́rẹ.