Ẹja Ẹ̀yìnkùlé Tí Ó Di Òwò, àti Owó Orí Tí Ó Tẹ̀lé E

Nínú orí kẹtàdínlógún Ìhìnrere Mátíù, a kà nípa ẹja kan tí ó san owó orí. Àwọn agbowó tẹ́mpìlì tọ Pétérù wá ní Kapernaumu, Olúwa sì rán an lọ sí òkun láti ju ìwọ̀ sí omi. Ẹja tí ó kọ́kọ́ fà sókè ní owó ní ẹnu, owó náà sì tó fún àwọn méjèèjì. Owó tẹ́mpìlì ìgbà náà, iye kan ṣoṣo ni fún olówó àti tálákà. Ẹni tí ó ń sin ẹja ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lónìí kì yóò bá owó ní ẹnu àrọ̀, ṣùgbọ́n àrọ̀ náà lè mú owó orí wá bá a nínú ilé, iye tí yóò sì san kò ní dọ́gba pẹ̀lú ti aládùúgbò rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta, fún àpẹẹrẹ, mọ táńkì sìmẹ́ńtì kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé, ó sì da ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹja sínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ń jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń ju oúnjẹ sí omi, wọ́n sì ń wo bí ẹja ti ń jà sí i. Ìyàwó rẹ̀ ń mú nínú wọn se ọbẹ̀. Ní ọdún kejì àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kẹta táńkì di mẹ́ta, ọmọ ẹja di ẹgbẹ̀rún méjì, ó gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́, àwọn tí ń se ọbẹ̀ ẹja tà sì ń gbé ọpọ́n wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ṣì ń pè é ní eré ọwọ́dilẹ̀.

Orúkọ tí ènìyàn fi ń pe iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni òfin ń wò. Ohun tí ó ń wò ni bí ó ti ń tà á: ṣé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, tàbí ní gbogbo ìgbà tí ẹja bá dàgbà? Ṣé ó rà á láti jẹ ẹ́ ni, àbí láti fi jèrè? Ṣé ó ń ná owó sí i, tí ó gba ọmọ iṣẹ́, tí ó sì ń wá oníbàárà kiri? Ẹni tí ó ta ẹja márùn-ún tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì kì í ṣe oníṣòwò. Olùkọ́ tí a sọ yìí ti di oníṣòwò láti ìgbà tí ó ti ra ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ẹja, nítorí kò sí agbo ilé tí yóò jẹ iye ẹja bẹ́ẹ̀ tán. Bí àwọn kan bá ń bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe òwò, kí wọ́n mọ̀ pé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní ibi tí ó ti ka òwò léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ kedere.

Ọ̀rọ̀ owó orí kì í dùn létí ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí sì wà fún un. Ní 1918, ọdún tí a gbé e lé àwọn Ẹ̀gbá, ni ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Ní 1947 àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde sí èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì dé ibi tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní 1949. Àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà tún dìde ní 1968. Ohun tí ó ń bí àwọn ènìyàn nínú nígbà náà ni pé orí ni a ń kà, a kì í wo ohun tí ó wọlé fún olórí. Orúkọ náà, owó orí, ni ó kù lónìí. Èrè ni a ń wò báyìí. Níbi èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí èrè kò ṣeé rí lójú bí orí ti ṣeé kà. Ẹni tí ó ni ín ni yóò fi hàn.

Òfin Owó Orí ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan kò ní owó orí rárá. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, ènìyàn yóò san 15 nínú 100. Lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn, 18 nínú 100. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 25 nínú 100 fún àwọn ọlọ́rọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn kò kan ìwé yìí.

Kí a wá ṣírò ti olùkọ́ náà. Ká ní ó ta ẹja ₦4,800,000 ní ọdún kan. Oúnjẹ ẹja gba ₦2,500,000, nítorí oúnjẹ ni ó ń gbé owó ẹlẹ́ja mì jù, ọmọ ẹja ₦150,000, epo àti omi ₦200,000, owó iṣẹ́ ọmọkùnrin náà ₦250,000, ọkọ̀ ₦100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,200,000, èrè sì ku ₦1,600,000. Bí kò bá ní iṣẹ́ mìíràn, ₦800,000 yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì san 15 nínú 100 lórí ₦800,000 tí ó kù, èyí tí í ṣe ₦120,000.

Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ mìíràn. Owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ ₦1,320,000, a sì ti ń yọ ₦78,000 owó orí nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ènìyàn kan ń jẹ àǹfààní ₦800,000 náà, owó oṣù rẹ̀ sì ti jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà a ó pa èrè ẹja pọ̀ mọ́ owó oṣù, yóò di ₦2,920,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦318,000. Bí a bá yọ ₦78,000 tí ó ti san, ₦240,000 ni ó kù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gba owó oṣù kò ka èyí sí, wọ́n rò pé èyí tí a yọ níbi iṣẹ́ ti tó. (Ìṣirò yìí kò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó ń gbé ilé àyágbé sì lè yọ 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀, tí kò bá ti ju ₦500,000 lọ, bí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí.)

Ká ní olùkọ́ náà kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ ńkọ́? Òfin fún àwọn agbowó-orí láṣẹ láti fi òye ara wọn díwọ̀n èrè ẹni tí kò ní ìwé. Wọ́n lè wo táńkì mẹ́ta, kí wọ́n wo àwọn oníbàárà, kí wọ́n sì wí pé ìdajì ohun tí ó tà ni èrè, ìyẹn ₦2,400,000. Pẹ̀lú owó oṣù, ó di ₦3,720,000, owó orí rẹ̀ sì fò sókè sí ₦459,600. Lẹ́yìn tí a bá yọ èyí tí ó ti san, ₦381,600 ni yóò mú wá. Ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé ọgọ́rin ni ì bá gba ₦141,600 padà fún un, láìsí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Nínú ìwé náà kí ó kọ ọjọ́, iye ẹja, ìwọ̀n wọn àti owó tí ó gbà. Kí ó so ìwé-ẹ̀rí gbogbo ohun tí ó rà pọ̀, kí ó má sì ṣe jù wọ́n nù kí ọdún 6 tó pé. Ohun tí ó bá jẹ́ ti òwò nìkan ni òfin gbà kí a yọ. Bí ẹ̀rọ omi kan náà bá ń pọn omi fún ilé àti fún ẹja, kí ó pín owó epo rẹ̀ sí méjì gẹ́gẹ́ bí ó ti rí gan-an. Aṣọ ìyàwó àti owó ilé-ìwé ọmọ kò wọ inú rẹ̀ lọ́nàkọnà. Ẹja tí agbo ilé jẹ ńkọ́? Kí ó kọ ọ́ sọ́tọ̀, nítorí oúnjẹ tí àwọn ẹja wọ̀nyẹn jẹ kì í ṣe ìnáwó òwò. Bákan náà ni ti ẹja tí ó gbé lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè: ọrẹ rẹ̀ ni, kì í ṣe ọrẹ tí ìjọba bá a rú. Owó tí ó fi mọ táńkì kò ṣeé yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdọọdún ni òfin ń jẹ́ kí a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ó kọ òkú ẹja pẹ̀lú. Àrọ̀ lágbára, ó ń mí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ bí oúnjẹ àjẹkù bá rà nínú omi tí a kò pààrọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lè kú ní òru kan. Àdánù òwò ni èyí, ó sì dín èrè kù; ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́ bí kò bá sí àkọsílẹ̀ iye tí ó kú àti ọjọ́ tí wọ́n kú? Bí ọdún kan bá parí sí òfò, a lè gbé òfò náà lọ yọ nínú èrè òwò kan náà ní ọdún tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ ìparí ọdún, kí ó díwọ̀n ẹja tí ó ṣì wà nínú omi, nítorí oúnjẹ tí ó ti fi bọ́ wọn jẹ́ ti ọdún tí a ó tà wọ́n.

Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ni owó orí rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ń gbé Abẹ́òkúta yóò san án fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí ó tilẹ̀ ń ta ẹja rẹ̀ ní Èkó. Bí ó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ gan-an ṣòwò, kò di dandan kí ó forúkọ òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi orúkọ mìíràn lé e, ó di dandan. Ẹja jíjẹ wà lára oúnjẹ tí a kò fi owó orí ọjà lé. Ẹni tí ó ń sin ẹja aláràbarà nínú àpótí dígí fún wíwò kò gbọdọ̀ rò pé tirẹ̀ náà jẹ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni a fi ń ṣírò èrè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka owó sí ọwọ́ ẹni tí ó dúró lójú ọ̀nà: òfin 1998 ka dídí ọ̀nà láti gba owó orí léèwọ̀. Báńkì ni kí ó ti san án, kí ó sì gba ìwé-ẹ̀rí. Ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn láti mú ìṣirò ọdún tí ó kọjá lọ sí ọ́fíìsì ni ọjọ́ 31 oṣù kẹta.