Irin Etí Ọkọ̀ Tó Ń Mì: Ìṣó Gígùn Kọ́ Ni Oògùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan ọkọ̀ akẹ́rù tí gbogbo wa jọ ni. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní kí á tà á. Àwọn mìíràn ní kí á yọ nínú owó àjẹṣẹ́kù kí á fi kan bọ́dì tuntun. Ohun tó dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀ kò ju irin etí ọkọ̀ tó ń mì lọ. Ìgbìmọ̀ ní kí á wádìí rẹ̀ dáadáa, kí á kọ ohun tí a bá rí síbí, kí oníkálukú ti kà á kí ìpàdé tó pé.

Irin etí wo là ń wí? Irin pẹlẹbẹ yẹn ni, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, tí wọ́n kàn mọ́ igun bọ́dì àti etí rẹ̀ lókè, níbi tí orí pákó ti pàdé ara wọn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Orí pákó níbi tí ayùn ti gé e ni omi ń gbà wọlé jù, irin yìí ló sì ń bo ibẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Irin etí yìí ni kì í jẹ́ kí ògiri ọkọ̀ lanu.

Ewu rẹ̀ pín sí méjì. Bí orí irin kan bá tú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré láti Ọ̀sí lọ sí Ọmù-Àrán, bí àdá ni yóò ṣe máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọlọ́kadà tó fẹ́ kọjá, ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀, ta ni kò lè bá? Èkejì ni ẹrù wa. Lákòókò òjò tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa kó gàrí lọ sí ọjà, àwọn àpò tó wà ní igun ẹ̀yìn ni omi wọ̀, gàrí náà sì bu. Òun nìkan ló jẹ gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ gbogbo wa ni.

Kí ló ń tú irin náà? Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Ìṣó kì í wú, kì í sì í sún kì. Ẹ wá fi gbígbọ̀n ọkọ̀ nínú kòtò kún un: ihò ìṣó á fẹ̀, omi á bá ihò náà wọlé, ìṣó á dógùn-ún, igi á sì jẹrà. Kí ni awakọ̀ ń ṣe? Á mú ìṣó tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, á gbá a wọlé. Ó di oṣù méjì, ó tún tú. Igi tó le ni ìṣó ń dì mú, èyí tó wà lẹ́yìn irin yẹn sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ bí ilé. Láti 1990 tí ilé iṣẹ́ Newmar ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá tí a lè fà jáde sí ẹ̀gbẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, etí yàrá yẹn ti di ibi tí wọ́n ń ṣọ́. Bí irin tó yí i ká bá tú, omi á wọ igi ẹ̀yìn rẹ̀, bí ó ṣe wọ tiwa gẹ́lẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún un ṣe kò sì yàtọ̀ sí èyí tí káfíńtà wa là sílẹ̀ fún wa. Òun rèé:

1. Ẹ fi ìka kan pákó náà láti òkè dé ilẹ̀. Igi tó le a máa dún ketekete. Èyí tó jẹrà a máa dún bòbò. Ibi tó bá dún bòbò, ẹ fi ẹnu sukudiráfà gún un wò.

2. Ẹ má fa irin náà tu. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ irin tí ẹ fi ń yọ ìṣó, kí irin etí má baà tẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára kí ó lè padà sí àyè rẹ̀.

3. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa nínú oòrùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ fi tápólì bò ó. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù lé igi tútù, omi ló há mọ́ inú.

4. Ẹ gé igi tó jẹrà títí ẹ ó fi kan èyí tó le, kí ẹ sì kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ìrókò tàbí àpá ni kí ẹ fi dípò rẹ̀. Arẹ̀rẹ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà nínú òjò. Ihò ìṣó àtijọ́ tó wà lára igi tó ṣì le, ẹ gbẹ́ igi líle kí ẹ fi dí i pẹ̀lú gọ́ọ̀mù káfíńtà, kí ẹ tó lu ihò tuntun.

5. Ẹ kun ẹ̀yìn irin ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Ẹ kun orí pákó tí ẹ gé náà.

6. Ẹ gé rọ́bà tíúbù sẹ́yìn irin náà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má dí ìsàlẹ̀. Bí omi díẹ̀ bá ṣèèṣì wọlé, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde.

7. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì pẹ̀lú wásà ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ìṣó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí orí méjèèjì, kí ẹ máa le wọn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà, ẹ tún wọn le.

8. Ẹ bu omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ tí yóò máa wò. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kálẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ohun tí a rí rèé. A tú irin náà níwájú ìgbìmọ̀ àti awakọ̀. Òpó igun ẹ̀yìn lápá òsì nìkan ló jẹrà, láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Àwọn òpó yòókù le koko, irin abẹ́ ọkọ̀ kò sì ní nǹkan kan. Òpó kan, bóòtù, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù àti owó iṣẹ́ káfíńtà ni ọ̀rọ̀ yìí gbà. Kò gba kí á ta ọkọ̀, kò sì gba bọ́dì tuntun.

Àwọn kan bèèrè bóyá kò yẹ kí á gbé e lọ sí Ìlọrin. Kí ló dé? Nígbà ayé bọ́lẹ̀kájà, ẹ̀ńjìnnì àti irin abẹ́ ọkọ̀ ló ń ti òkè òkun wá; àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan bọ́dì lé e. Agbègbè tiwa yìí náà ló bí Bámigbóyè ti Odò-Ọ̀wà, agbẹ́gilére tí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Ọwọ́ tó mọ igi kò wọ́n ní ilẹ̀ Òpin àti àyíká rẹ̀.

Ìbò kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, yálà owó rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré. Ohun méjì ni ìgbìmọ̀ yóò gbé síwájú yín: kí a tún òpó náà ṣe kí òjò tó dé, kí a sì máa yẹ irin etí ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá dá. Ohun kẹta wà tí àwa fúnra wa fẹ́ kí ẹ rò: ìyá tí gàrí rẹ̀ bu, ṣé kò yẹ kí ẹgbẹ́ gbà á lára rẹ̀ díẹ̀?

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé yìí fò yín o. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìsọlọ̀-Òpin