Ìjà Òkun láti Orí Ilẹ̀ nínú Eré Ogun

Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó jìnnà sí òkun. Síbẹ̀ ọ̀dọ́ tí ń ṣe eré ogun lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lè fẹ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ta mísáìlì sí ọkọ̀ ojú omi kún àwọn ọkọ̀ inú eré náà. Kí ni ó yẹ kí olùkọ́ rán an létí?

Ọkọ̀ nìkan kò tó. Nínú ogun Erékùṣù Falkland ní 1982, àwọn ará Ajẹntínà tú mísáìlì Exocet kúrò lára ọkọ̀ ogun ojú omi, wọ́n gbé e ka orí tírélà. Rédà ni ó ń ṣe ojú fún un. Ìgbìyànjú ìṣáájú kùnà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ó bá ọkọ̀ Glamorgan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Atukọ̀ 14 kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò rì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ sínú eré gbọ́dọ̀ pa ààlà fún un: ibi tí ó lè dé kò ju bíi kìlómítà 40 lọ, ọ̀tá sì lè fọ́ rédà rẹ̀. Ohun ìjà tí kò ní àléébù a máa sọ ọgbọ́n di aláìwúlò.

Èyí kò ṣàjèjì sí Èkìtì. Nínú ogun Kírìjì, ìbọn ìgbàlódé láti Èkó ran Èkìtì Parapọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn 1886 àti ìtúká ibùdó ogun ní 1893 ni ó parí ìjà náà. Eré tí ó bá kọ́ ọmọ ní èyí kì í ṣe eré lásán.