Òrùka tó ń pa ariwo iná

Common mode choke ni òrùka fẹ́ráìtì (èròjà líle kan tó ń gba òòfà sára) tí wọ́n fi wáyà kọ́pà méjì wé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Ibi tí iná ti ń wọ inú ẹ̀rọ ló sábà máa ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí iná tó wúlò kọjá, kó sì dínà mọ́ ariwo.

Ariwo ọ̀hún kò ṣàjèjì ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti agbègbè rẹ̀. Bí iná òpó bá lọ, tí ínfátà gba iṣẹ́, rédíò tó wà lórí AM tàbí ìgbì kúkúrú lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, débi tí ohùn asọ̀rọ̀ á rì sínú rẹ̀. FM kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Fóònù tó wà lẹ́nu ṣájà olówó pọ́ọ́kú náà lè máa tẹ ara rẹ̀, kí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn máa jáde. Ohun ìnira gbáà nìyẹn ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé ní ẹbí ní Abidjan tí wọ́n ń pè lórí fóònù.

Nínú wáyà, iná òpó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tíránsísítọ̀ inú ṣájà àti ínfátà òde òní yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: ó ń tàn, ó ń kú, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Èyí ló jẹ́ kí ṣájà kéré kó sì fúyẹ́, òun náà ló sì ń bí ariwo. Díẹ̀ lára iná náà ń fò bọ́ sára irin tàbí ilẹ̀ tó wà nítòsí, ó sì ń gba wáyà méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà náà wá di eriali tó ń fọ́n ọn káàkiri ilé.

Ibí ni ọgbọ́n òrùka náà wà. Iná tó ń ṣiṣẹ́ ń gba wáyà kan lọ, ó ń gba èkejì bọ̀. Òòfà tí àlọ bá dá sínú òrùka, àbọ̀ á pa á rẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan kò kọjá. Ariwo ń gba wáyà méjèèjì sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Òòfà kìíní á kún tèkejì lọ́wọ́, ọ̀nà á sì há mọ́ ọn. Kì í ṣe bí iná ṣe lágbára tó ni òrùka ń wò, ibi tó dorí kọ ni.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà olówó pọ́ọ́kú, ààyè choke wà lórí bọ́ọ̀dù, àmọ́ wáyà tín-ín-rín méjì ni wọ́n jó dí i. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pamọ́. Olùgbọ́ rédíò ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹni tó bá rí òrùka fẹ́ráìtì lára ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ lè fi wáyà ṣájà wé e. Bí ó bá wé e ní ìgbà mẹ́ta, ìdènà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti ẹ̀ẹ̀kan. Wáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ kọjá nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, iná tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè kún òrùka náà, kò sì ní í dí ariwo mọ́. Bákan náà ni fún wáyà sólà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé: pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù ni á jọ wọ òrùka kan, nítòsí ẹ̀rọ tó ń pariwo.