Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn ọkùnrin: Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dun ọkùnrin ní Ilé-Ifẹ̀, tí ìtọ̀ sì ń ta á, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ mu. Bí kò bá lọ, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó di oògùn àtọ̀sí, láìṣe àyẹ̀wò kankan. Bẹ́ẹ̀ bí ìrora náà bá ti lé ní oṣù 3, ó ṣọ̀wọ́n kí dókítà tó bá kòkòrò àrùn nídìí rẹ̀. Iṣan abẹ́ ìdí tó le koko lè wà níbẹ̀, oògùn apakòkòrò kò sì ran ìyẹn.

Ọsibítù OAUTHC kò kúkú jìnnà. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ, kí dókítà sì fi ìka yẹ prostate wò láti ihò ìdí (ibí yìí lojú ti máa ń ti àwọn bàbá wa!). Oògùn tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀, oògùn ìrora àti eré ìmárale tó ń dẹ iṣan wà lára ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi dọ̀la.